Òkè Tí Yìnyín Kò Jẹ́ Kí N Rí

Ọjọ́bọ̀, 2 Ṣẹ́rẹ́

Mo ti ṣe é. Mo ti tẹ bọ́tìnnì. Ilé onígi kan ní Obertal, nílẹ̀ Austria, yàrá méjì, fèrèsé tó kọjú sí òkè. Láti Àbámẹ́ta 8 Èrèlé títí di Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Jildou ọmọ mi ló ń tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù láti Groningen. "Mọ́mì, ẹ tẹ èyí tó pupa yẹn. Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Mọ́mì! Ẹ gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀!" Nígbà tó parí, ó ní, "Dádì mọ̀ sí i ṣá?" Mo ní bàbá rẹ ń sùn.

Tó bá jí, màá sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Ṣẹ́rẹ́

Mi ò tíì sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Ṣẹ́rẹ́

Mo sọ ọ́ nídìí kọfí, lẹ́yìn ìsìn. Mo kọ́kọ́ gé kéèkì olómi-ọsàn fún un, èyí tó tóbi. Ọ̀gá Yìnyín jẹ ẹ́ tán, ó gbé ife kalẹ̀, ó wojú fèrèsé, ó wá sọ ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀: "Jẹ́ ká wo ojú ọjọ́ ná."

Ìwé, jẹ́ n rò fún ọ, nítorí ìwọ nìkan ni kò tíì gbọ́ ọ sú. Douwe ọkọ mi ni ọ̀gá yìnyín ní Aldterp wa níbí. Bàbá rẹ̀ ló ṣe é ṣáájú rẹ̀. Bí òtútù bá dé, òun ló ń fa omi sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kó lè dì. Òun náà ló ń fi irin ìlu dá yìnyín ojú odò lu, láti wò ó bóyá ó ti nípọn tó láti gba èèyàn dúró. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi bàtà onírin tá a fi ń yọ̀ tẹ yìnyín kí Douwe tó ní "Ẹ máa bọ̀." Ìdí nìyí tí kì í fi í kúrò nílé látìgbà tí igi bá ti wọ́wé títí ìrúwé yóò fi dé. Omi kì í sì í sábà dì mọ́ láyé tá a wà yìí. Òmíràn nínú ọdún, òjò ni látòkè délẹ̀. Kò kàn án. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ — àgbà tèmi yìí ò tiẹ̀ kúrò lọ́jà rí.

Ìsinmi ìgbéyàwó wa ńkọ́? A ṣègbéyàwó lópin ọdún 1996. Òkè là ń lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ti wà lápò. Bí òtútù ṣe dé nìyẹn, ni wọ́n bá kéde Ìrìn Ìlú Mọ́kànlá: kí èèyàn yọ̀ lórí yìnyín yípo gbogbo Friesland, agbègbè wa, láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn ò tíì rí i ṣe mọ́ látìgbà náà. Ta ni ọkùnrin ilẹ̀ wa tó máa ní òun ń lọ wo òkè lọ́jọ́ yẹn? Èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín dúró sórí bíríjì pẹ̀lú fúláàsì ọbẹ̀ ẹ̀wà, nínú kóòtù tí mo fi kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yọ̀ kọjá lábẹ́ mi. Yìnyín ti bo irunmú rẹ̀. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Kò dá mi mọ̀. Ó gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin mìíràn.

"Ọdún tó ń bọ̀ la máa lọ." Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ́kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ṣẹ́rẹ́

Hylke wá gẹrun. Yàrá iwájú ni mo ti ń gẹrun fún àwọn ará abúlé, kò sì sí ẹni tó ń jókòó sórí àga yẹn tí ẹnu rẹ̀ ń dákẹ́. Hylke ni igbákejì Douwe nínú ẹgbẹ́ yìnyín. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni wọ́n fi yìnyín sílẹ̀ fún un rí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni pásítọ̀ wọ omi dé ìbàdí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu pásítọ̀ jáde kò sí nínú Bíbélì.

Mo ta á lólobó nípa Obertal. Ó fò dìde tòun ti aṣọ lọ́rùn, díẹ̀ ló kù kí n gé e létí. "Ẹ lọ! Wietske, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé e lọ! Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ téèyàn bá gbàgbé agbòòrùn sílé lòjò ń rọ̀? Tí Douwe bá ṣí ẹsẹ̀ kúrò nílùú báyìí, omi á dì gbagidi!"

Mo ní ìwà yẹn ò dáa. Ó ní kì í ṣe ìwà, ìmọ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

Gbogbo Aldterp ti gbọ́. Gbogbo Aldterp sì ti gba ti Hylke gbọ́. Ìyàwó oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì oníṣúgà wá, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì mú àwòrán ilẹ̀ wá, ó ti fi bírò pupa fa ọ̀nà tó yá jù lọ. Ẹnì kan fi fìlà onírun àgùntàn kọ́ ilẹ̀kùn wa, kò kọ orúkọ. Mi ò tíì rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ.

Ọ̀gá Yìnyín kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí tábìlì, ó wò wọ́n títí. "Wọ́n ń lé mi nílùú."

"Wọ́n fẹ́ ká gbádùn ara wa ni."

"Wọ́n fẹ́ yọ̀ lórí yìnyín mi nígbà tí mi ò sí níbẹ̀ ni!"

Ó jẹ búrẹ́dì náà ṣá. Ó jẹ ìlàjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Ọjọ́ burúkú. Nídìí ọ̀dùnkún àti kábéèjì, Douwe ní òun ò lọ mọ́. Ó ti rò ó síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn. Tí omi bá dì lóòótọ́ ńkọ́? Tí Hylke bá tún ní "Ẹ máa bọ̀" kó tó nípọn, tó wá jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ló rì lọ́tẹ̀ yìí, tí kì í ṣe pásítọ̀?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, òun gan-an ló dùn mí jù. Téèyàn bá ní ọkọ òun jẹ́ aláìbìkítà, àdúgbò á bá a kẹ́dùn. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa ọkùnrin tí ìwà rere rẹ̀ ń dènà ayọ̀ mi? Mo bi í léèrè tààrà: "Láàárín èmi àti yìnyín, èwo ló ṣíwájú?" Ó jáde lọ fi òróró sí ẹ̀rọ ìfami. Nínú òjò.

Mo sunkún díẹ̀. Mo wá fọ abọ́.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Mò ń lọ. Èmi nìkan. Mo ti ra bàtà.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ fi rólà sórí Beppe, ìyá Douwe. Ọdún mẹ́fà ló kù kó pé àádọ́rùn-ún, etí rẹ̀ ò di, ojú rẹ̀ ò ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù láti sọ fún un. Ìyá kì í gbè sẹ́yìn ìyàwó kó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ nígbà tí rólà ti kún orí rẹ̀, tí kò lè sá lọ ibì kan.

Ó pajú dé. Mo rò pé ó ti sùn.

"Yàrá mélòó lo ní ó wà ńbẹ̀?"

"Méjì, Màmá."

"Ta ló ń sùn sí ìkejì?"

Mo dúró pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Ó ń wò mí nínú dígí. "Kí ni ò ń wò? Bàbá ọkọ ẹ ṣèlérí òkè fún mi kí n tó lóyún Douwe. 'Trynke, ká wo ojú ọjọ́ ná.' Ilẹ̀ ti jẹ òun, òkè ṣì wà níbi tó wà. Èmi náà ń lọ. Tún ti apá ọ̀tún yẹn ṣe, ó ń fà mí lórí."

Ẹnu bàbá rẹ̀ ni Douwe ti kọ́ ọ! Àrùn ìdílé ni.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Beppe fẹ́ kó ọ̀dùnkún lọ. Odidi àpò. "Màmá, ọ̀dùnkún wà ní Austria." "O ti jẹ ẹ́ rí?" Mo ní rárá. "Ó dáa, o ò mọ̀ nìyẹn." Ó tún fẹ́ kó ìrọ̀rí rẹ̀, kọfí rẹ̀, wàràkàṣì oníkúmínì, àti ìgò ọtí egbòogi kan nítorí àyà. Àyà ẹ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan.

Ó bi mí bóyá wọ́n á ní ká wọ pákó gígùn wọ̀nyẹn sẹ́sẹ̀ ká máa já bọ́ láti orí òkè. Mo ní kò sẹ́ni tó máa fipá mú wa. Èmi ò fẹ́ já bọ́ láti ibì kankan. Mo fẹ́ jókòó síwájú fèrèsé, kí n máa wo nǹkan tó ga ju ilé ìjọsìn wa lọ. Nílẹ̀ wa níbí, màlúù tó bá dúró lórí òkìtì ìdènà omi la fi ń júwe ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ṣẹ́rẹ́

Mo jáde láàárọ̀, mo bá ọkọ̀ lórí táyà òjò dídì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yí padà. Omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú ti kún. Ọ̀gá Yìnyín wà nínú ọgbà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ṣe bí ẹni ń wo igi ápù.

"O ṣeun," mo ní.

"Kí ni mo ṣe?" ó ní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Ẹ gbọ́ ná! Lónìí, obìnrin mẹ́ta wà ní yàrá iwájú, ọ̀kan lórí àga, méjì ń dúró de tiwọn. Douwe kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ó wọlé, ó bọ́ fìlà.

"Àyè kan ṣì kù nínú ọkọ̀ yẹn?"

Mo ń gẹrun lọ ní tèmi. "Ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dùnkún."

"Kò burú."

"Wàá fi yìnyín ẹ sílẹ̀ fún Hylke?"

Ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Màá kọ́ ọ."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ní, "Wietske, tó o bá ti gbé e jáde nílùú, jẹ́ á mọ̀, kí n lọ pọ́n irin bàtà mi." Mo rẹ́rìn-ín títí sísọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé Beppe ló pè é. Ohun tó sọ fún un, méjèèjì ò sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀: òjò ń rọ̀ bó ṣe ń ṣèlérí yìí, ara ilẹ̀ gbóná bí ìgbà ìrúwé. Ìgbà ara là ń búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n ń kọ́ Hylke níṣẹ́. Mo ń wò wọ́n láti fèrèsé. Pápá ò ní yìnyín kankan, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ni. Àwọn àgbà ọkùnrin méjì dúró sínú òjò, wọ́n ń fi irin ìlu dá ilẹ̀ lu. Douwe ń sọ̀rọ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, Hylke ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó wọlé, mo ṣòfin tèmi: kò sí fóònù nínú ọkọ̀. Gbogbo wa, tèmi náà. Inú búùtù ni wọ́n ń wà, lábẹ́ ọ̀dùnkún, títí a ó fi dé. Mo mọ ọkọ mi. Tí wọ́n bá ń ránṣẹ́ yìnyín sí i lójú ọ̀nà, inú kòtò la máa bá ara wa.

Ó gbà láìjiyàn. Ó yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Òjò dá. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Afẹ́fẹ́ ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, èyí tó máa ń mú omi dì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlé

Omi inú garawa ẹnu ọ̀nà ti láwọ yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú láàárọ̀ yìí. Mo yára da omi gbígbóná sí i kí Douwe tó jí. Mo yíjú padà, ó dúró lẹ́yìn mi nínú aṣọ oorun.

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀," ó ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Ó ti dé. Òtútù tó ń gé etí. Odò dúró sójú kan, koríko létí omi ń dún bí gíláàsì. Abúlé ti ya wèrè. Àwọn ọmọdé ò lè kàwé mọ́. Pásítọ̀ ti gbàdúrà fún afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, ó ní òun ti dárí ji Hylke. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ mi lójú títì: "Wietske, ẹ ṣé o! Ọlọ́run á san án fún un yín!" A ò tíì lọ o! Ẹrù wa ṣì wà nílé!

Nínú rédíò, wọ́n ti ń dárúkọ Ìrìn Ìlú Mọ́kànlá, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí orúkọ ọmọ tí wọn ò tíì bí. Douwe kì í jókòó jẹun. Ó ń jáde, ó ń wọlé, imú rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ ń dán. Ó rẹwà. Ó burú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rẹwà báyìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Kò tíì ní òun ò lọ. Kò sì tíì ní òun ń lọ. Mi ò bi í. Mò ń ká aṣọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ń bá ara wọn jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan ní òjò máa dé lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yọ́. Èkejì ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Àwọn oníbàárà mi ò tẹ́tí sí ìkankan nínú wọn. "Kí ni imú Douwe wí?" Imú Douwe kì í ṣìnà. Ó máa ń dúró sínú ọgbà, á gbé e sókè bí ajá, ohun tó bá sọ ló máa ń ṣẹ.

Mo fara dà á dalẹ́. Nígbà tó wọlé, mo bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un, mo ní, "Douwe, sọ ọ́. Ohun yòówù kó jẹ́, sọ ọ́."

Ó fẹ́ ọbẹ̀. Ó fẹ́ ẹ pẹ́. "Afẹ́fẹ́ ti ń yí. Ọjọ́ Àìkú, òjò. Yìnyín yìí ò ní kalẹ́."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Imú mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ fáwọn oníbàárà ẹ. Jẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀ fọ́jọ́ méjì."

Ìwé, mo yọ̀. Gbogbo abúlé ń fẹ́ yìnyín, èmi ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ó fẹ́ yọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó wá dúró fún ìgbà tí mo ti dúró ná. Mo sùn fọnfọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Dídì ẹrù ni. Beppe ti pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí ìrọ̀rí.

Ní ọ̀sán, Douwe ṣí pápá. Ó ní "Ẹ máa bọ̀!" ariwo tó sọ, títí inú ilé ìdáná mi ló dé. Òun ló kọ́kọ́ yọ̀ ọ́, òun nìkan, kí àwọn tó kù tó wọlé, bí àṣà wa. Mo fi aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀. Ọwọ́ lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Kò yára. Ó yípo pápá lẹ́ẹ̀kan, ó jáde. Mo rò pé ó máa tún un ṣe.

Ó wálé, ó nu irin bàtà rẹ̀ gbẹ, ó fi kọ́ ìṣó. Mo ti múra láti yẹ búùtù ọkọ̀ wò bóyá ó fi í pa mọ́ síbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò náà. Ọ̀dùnkún nìkan ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé. Obertal

A ti dé. Òkùnkùn biribiri. Òkè wà lóde níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní, ṣùgbọ́n fèrèsé dúdú ni mò ń wò, ojú ara mi ni mò ń rí. Beppe ti ń hanrun ní yàrá kejì. Douwe ń wẹ̀. Kí n yára kọ ọ́.

A kúrò nílé ní ìdájí. Douwe kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn lọ mú ìyá rẹ̀ wá, ó pẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. A gbéra. Òtútù mú débi pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń kérora. Lójú ọ̀nà gúúsù, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé wa pọ̀, tiwa nìkan ló dà bí ẹni ń lọ. Mo rí ọmọ kan nínú ọ̀kan tó fi bàtà onírin kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Mo ní ká gbọ́ rédíò. Douwe ní orí ń fọ́ òun. Beppe ní òun fẹ́ orin. Orí ṣì ń fọ́ ọ.

Lẹ́yìn ààlà Jámánì la ti kọ́kọ́ dúró. Ó lọ ra kọfí. Bó ṣe wọ ilé epo ni Beppe ní, "Wietske, tan nǹkan yẹn fún mi, mi ò tíì kú." Mo tàn án. Ohùn ilé ṣì ń wọlé dáadáa. Ọkùnrin ojú ọjọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ayọ̀ fẹ́ pa á: afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn dúró gbọn-in, kò sí òjò níbì kankan, yìnyín á máa nípọn sí i títí ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kéré tán.

Mo ní, "Imú ẹ̀ ṣìnà."

Beppe rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. "Imú ọmọ tèmi? Ẹnu ọ̀nà mi ni Hylke ti wá bá a ní ìdájí òní. Mi ò dití. Ó ní, 'Èyí ló dáa jù láti ọdún tí mo gbéyàwó, Hylke. Ó kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Lu ú wò láàárọ̀, lu ú wò lálẹ́, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Má sì jẹ́ kí Wietske gbọ́.'"

Mi ò lè pa rédíò náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tó fi dé pẹ̀lú ife mẹ́ta lórí páálí, tó ṣí ilẹ̀kùn, tóun náà gbọ́ ọ. Ó dúró sínú òtútù. Etí rẹ̀ pupa. Ó wò mí.

"O purọ́ fún mi," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́dún tó dì."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó gbé ife tèmi fún mi. "Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní ká dúró."

Òótọ́ ni. Màá sọ ọ́. Màá tiẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, màá wá máa bá a yan odì nínú ìwé yìí títí di ọdún mìíràn. Níbẹ̀ yẹn gan-an, nínú ọkọ̀, ó dé ẹnu mi pé ká yí padà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìwé. Mo gbé e mì pẹ̀lú kọfí. Ó ti fún mi. Mo gbà á. Mo pa rédíò.

Beppe ní, "Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wakọ̀ lọ jàre. Ọ̀dùnkún tí kò gba inú búùtù yìí ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ẹ̀ lórí jíà. Mi ò gbé e kúrò títí a fi jìnnà wọ Jámánì. Ojú mi ń ṣomi, mo ní oòrùn ni. Kò sí oòrùn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé

Mo kọ́kọ́ rò pé ìkùukùu ni. Mo wá gbójú sókè, mo tún gbé e sókè, ó ṣì ń lọ. Funfun, lẹ́yìn náà àwọ̀ òdòdó, nígbà tí oòrùn kàn án. Mo jí Douwe. Mo jí Beppe. Àwa mẹ́ta dúró síwájú fèrèsé nínú aṣọ oorun. Beppe bú sẹ́kún, ó wá ní ó kéré sí bí òun ṣe rò ó. Irọ́ ni. Ó tún un wò, ó ní, "Ọkọ mi, o ò bá rí i."

Douwe di èjìká mi mú. Ó ń wò ó, ó ń wò ó tọkàntọkàn bí ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́ ṣe. Kò béèrè ojú ọjọ́. Kò béèrè fóònù rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gba búrẹ́dì, mo bi Ìyá Moser tó nilé bóyá omi kankan wà nítòsí. Ó ní adágún wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dì láti ọdún Kérésì, màlúù lè rìn ín kọjá. Bàtà onírin àtijọ́ ọkọ òun wà lókè àjà, ṣé a fẹ́ ẹ? Ó gbé e wá, mo wo ẹsẹ̀ bàtà náà. Ó bá ti Douwe mu.

Mi ò tíì sọ fún un. Jẹ́ kó kọ́kọ́ bá mi wo òkè títí di ọ̀sán ná.